Ọwọ́ Mi Lọ́mọ Kú Sí ní Trans-Amadi

Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ayé ìgbà kan, téèpù ní ìdílé. Èyí tí a kọ lálẹ́ àná ni ọmọ, èyí tọ̀sẹ̀ tó kọjá ni bàbá, èyí toṣù tó kọjá ni bàbá àgbà. Èmi kọ́ ni mo sọ wọ́n lórúkọ o. Bí àwọn òyìnbó tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Bí ọmọ bá kú, bàbá á wà. Bí bàbá bá tẹ̀lé e, bàbá àgbà á ṣì jókòó sí kọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo pa ọmọ. Port Harcourt ni mo ti pa á, lọ́dún 1999, táì sì wà lọ́rùn mi nígbà tí mò ń pa á lọ.

Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà á rántí ariwo Y2K. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ ń fi nọ́ńbà méjì péré kọ ọdún, 99 dípò 1999, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo ayé pé bí 00 bá wọlé, ẹ̀rọ á gbà pé ọdún 1900 la wà, a ò sì tíì bí ẹnikẹ́ni nínú wa, áḿbọ̀sìbọ́sí ká san owó oṣù fún wa. Ilé-iṣẹ́ wa, tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́, wá pinnu láti kó ìwé owó oṣù ẹ̀ka Trans-Amadi kúrò lórí mainframe IBM tó gba odindi yàrá kan, lọ sórí ẹ̀rọ Unix tuntun tí ọkùnrin méjì lè gbé. Wọ́n ní kí Èkó fi ògbóǹtarìgì kan ránṣẹ́. Èmi ni Èkó fi ránṣẹ́. Kí n tó gbéra, mo ti sáré ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé owó Èkó, kí wọ́n fi í sí ti Port Harcourt, nítorí àjẹmọ́nú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Mi ò tíì tú ẹrù mi tán tí mo fi ní kí wọ́n pa mainframe, kí wọ́n tà á. Mádáàmù tó ń ṣe ìṣirò owó bẹ̀ mí. “Ọ̀gá Èkó, ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ títí owó oṣù kan á fi jáde lórí èyí tuntun.” Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀wé. “Mà, ohun gbogbo tó wà níkùn ẹ̀ ti wà lórí téèpù.” Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gbé ọkọ̀ dé.

Téèpù ìgbà yẹn kì í ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì o. Ẹsẹ̀ bàtà 2,400 ni gígùn rẹ̀, wọ́n wé e róbótó, ó fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́wàá àbọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ibì kan wà tí wọ́n ń ki òrùka oníke sí. Bí òrùka bá wà níbẹ̀, ẹ̀rọ lè kọ nǹkan sórí téèpù. Bí wọ́n bá yọ ọ́, kíkà nìkan ló lè kà á.

Mo gbé ọmọ sórí ẹ̀rọ, mo kà á, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. @ ló kún gbogbo bébà! Mo kọ̀wé sí ọ̀gá pátápátá pé kòkòrò kọ̀ǹpútà ti wọ téèpù náà. Ọmọbìnrin Kalabari tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ló rọra fà mí sẹ́yìn pé kì í ṣe kòkòrò, EBCDIC ni. IBM ní ìlànà ìkọ̀wé tirẹ̀ láti ìgbà tó ti gbé System/360 jáde lọ́dún 1964, Unix sì ń lo ASCII. Nọ́ńbà 64 tí IBM ń lò fún àlàfo láàárín ọ̀rọ̀ méjì, @ ni ASCII ń kà á sí. Àlàfo lásán ni mo pè ní kòkòrò, lórí ìwé tí mo buwọ́ lù.

Mo tún un kà, mo lo àṣẹ tó ń jẹ́ dd, mo ní kó sọ gbogbo rẹ̀ di ASCII. Orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ jáde, ó mọ́ tónítóní, mo sì pe àwọn èèyàn wá wò ó. Mádáàmù tẹ́ ojú sí i. “Owó wọn ńkọ́?” Owó ọ̀gá pátápátá jẹ́ àmì ìbéèrè méjì àti àkámọ́ kan. IBM kì í kọ owó bó ṣe ń kọ orúkọ: nọ́ńbà méjì-méjì ló ń ká mọ́ inú báìtì kan, á wá fi C sí ìdí rẹ̀ bó bá jẹ́ owó tó wọlé, tàbí D bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n yọ. Èmi ti ní kí ẹ̀rọ yí gbogbo rẹ̀ padà bí ẹni pé lẹ́tà ni.

Ó yẹ kí n lọ sùn. Òjò ń rọ̀, NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Ọmọbìnrin náà ń múra ilé, ló bá fi pijin bi mí bóyá mo ti yọ òrùka. Èmi tí ìyàwó mi wà ní Ìbàdàn, tí mo tún jẹ́ díákónì! Mo ki ọwọ́ òsì bọ àpò. “Àbúrò, èmi kì í yọ òrùka mi, ibi yòówù kí n wà.” Ó wò mí títí, ó mi orí, ó mú agboòrùn rẹ̀, ó lọ.

Dípò kí n sùn, mo ní kí n tún ọmọ kà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun méjì ni dd máa ń béèrè: if, ibi tí a ti ń kó nǹkan bọ̀, àti of, ibi tí a ń kó o lọ. Mo gbé ọ̀kan sí ipò èkejì. Òrùka sì wà nídìí téèpù. Téèpù ń yí, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, èmi ń súfèé. Àkámọ́ àti àmì ìbéèrè ni mò ń kọ bo owó oṣù gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí ìkọ̀wé tuntun bá sì ti parí, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà sí òpin téèpù.

Mo sáré lọ bá bàbá nínú yàrá ẹrù. Òjò tó ń rọ̀ ní Port Harcourt lọ́dún kan ju mìlímítà 2,000 lọ, ó sì jọ pé orí bàbá ni ìpín tiwa ti ń jò sí. Ó ti bu bíi búrẹ́dì. Bí mo ṣe gbé e sórí ẹ̀rọ, ó han gooro, ó lẹ̀ mọ́ ojú ìkàwé, ó sì fi ẹrẹ̀ pupa síbẹ̀.

Lónìí, mo lè fi àwọn ẹlòmíràn tu ara mi nínú. Lọ́dún 2009, NASA fúnra rẹ̀ kéde pé ó dà bíi pé wọ́n ti pa ojúlówó téèpù ìrìnàjò Apollo 11 sínú òṣùpá rẹ́, wọ́n sì ti kọ nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Àwọn kan sì mọ̀ ọ́n ṣe: nígbà tí ímeèlì àwọn kan pòórá lọ́wọ́ Google lọ́dún 2011, orí téèpù ni wọ́n ti kó o padà. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Trans-Amadi, kò sí ìtùnú kankan.

Láàárọ̀, Mádáàmù kò bú mi. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onírin rẹ̀, ó mú bàbá àgbà jáde, ọ̀rá méjì ló wà lára rẹ̀. Ó ní òun kò gba ẹni tó bá ti Èkó wá gbọ́ rí. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ òrùka ìdí rẹ̀, ó gbé e sí ojú mi kí n rí i dáadáa, ó fi sínú báàgì rẹ̀. Ọmọbìnrin Kalabari yẹn kọ ètò kékeré kan tó ń tú àwọn nọ́ńbà tí IBM ká, owó sì jáde pé pérépéré, àfi pé ti oṣù tó kọjá ni. Ìgbéga, ìgbàsíṣẹ́ àti ẹ̀yáwó tó ti wọlé láti ìgbà náà, orí bébà gbọọrọ aláwọ̀ ewé tó wà lórí tábìlì Mádáàmù la ti ń wò wọ́n, tí a sì ń fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lì àti ẹja yíyan la fi gbé e. Nígbà tí omi ń dà lójú mi, mo ní ata ni.

Owó oṣù bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ tó yẹ kó bọ́. Mo lọ gba tèmi. Mádáàmù yẹ ìwé wò láti òkè délẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ọ̀gá Èkó, ọ̀sẹ̀ tí ẹ dé ni Èkó fi orúkọ yín sínú ẹ̀rọ, bébà kankan kò sì tẹ̀lé e. Orí ọmọ nìkan ló wà.”

Èkó náà ti yọ mí kúrò. Òpin oṣù tó tẹ̀lé e ni mo tó gba méjèèjì pọ̀, láìsí àjẹmọ́nú.