Nítorí Kí Ọkọ̀ Lè Dán

Àwọn aládùúgbò mi ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí jẹ́ ènìyàn tí kì í pariwo, tí wọn kì í kí ni ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, tí wọn kì í sì í béèrè bóyá ara àwọn ará ilé le. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá fi lè ṣèèṣì yọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ẹ óò rí wọn, àgbà ọkùnrin tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, olùkọ́, amòfin, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, gbogbo wọn á tú jáde pẹ̀lú garawa, pẹ̀lú aṣọ ìnukọ̀ aláràbarà, pẹ̀lú ìgò ńlá àti ìgò kékeré, wọn á sì kúnlẹ̀ ti ọkọ̀ wọn pẹ̀lú irú ìtẹríba tí àwọn baba wa kì í fún ẹlòmíràn bí kò ṣe Kábíyèsí, aláṣẹ èkejì òrìṣà.

Kì í ṣe ìdọ̀tí ni wọ́n ń bá jà. Ìdọ̀tí ti bá omi lọ láti àárọ̀. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ kan ni ọ̀tá wọn, èyí tí í máa hàn lára ọ̀dà ọkọ̀ nígbà tí oòrùn bá ta sí i, tí wọ́n á tò yí ìmọ́lẹ̀ náà ká bí òwú aláǹtakùn. Àwọn ìlà náà kò tilẹ̀ rí róbótó. Ibi gbogbo ni wọ́n dojú kọ, ṣùgbọ́n kìkì àwọn tí ó dábùú ìmọ́lẹ̀ ni ojú ń rí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń tan ni jẹ pé òòyì ni wọ́n ń kọ́. Fóòmù tí iyanrìn ti há sí nínú ni ó ń fà á, àti aṣọ gbígbẹ tí a fi nu eruku, àti àwọn ilé ìfọkọ̀ onímáṣíìnì tí búrọ́ọ̀ṣì wọn ń yí biribiri, tí ó jẹ́ pé amọ̀ tí wọ́n bọ́ lára ọkọ̀ ẹni tí ó ṣáájú wa ni wọn yóò fi ha tiwa lára, tí a ó sì tún sanwó fún un. Ọkọ̀ funfun àti aláwọ̀ fàdákà a máa bo àṣírí ẹni tí ó ni wọ́n, ṣùgbọ́n ọkọ̀ dúdú, ajẹ́rìí-má-fi-dúró, gbogbo rẹ̀ ni yóò rò fún ayé gbọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé oòrùn tí ń tú àṣírí yìí, ohun ọ̀wọ́n ni ní ìlú tí a wà. Ní gbogbo ìgbà òtútù, ojú ọ̀run á fà ro, ìkùukùu á bo ilẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tí kò dára lójú ní irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí Elédùmarè fi òjò bò láṣìírí, ǹjẹ́ kò yẹ kí ó jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa dúpẹ́? Rárá o. Gẹ̀ẹ́sì á lọ ra tọ́ọ̀ṣì alágbára tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan, á wọ inú gáréèjì, á ti ilẹ̀kùn, á tan án sí ìhà ọkọ̀ rẹ̀, á sì máa wá ohun tí yóò bà á nínú jẹ́ títí yóò fi rí i. À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn kò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀.

Ní ilé wa, oòrùn kò wọ́n, ṣùgbọ́n eruku kì í jẹ́ kí ó rí ibi tí yóò ta sí. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eruku bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, gbogbo ọkọ̀ tí ń bẹ láti Ìlọrin dé Ìbàdàn á di aláwọ̀ kan náà, ìbáà ṣe ti ọba, ìbáà ṣe ti akọ̀wé. Àbúrò baba mi kan wà ní Bódìjà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, Bàbá Bódìjà ni gbogbo ìdílé ń pè wọ́n. Wọ́n ní Toyota Camry dúdú kan, tòkunbọ̀ tí ó gba Kútọnu wọlé, wọ́n sì fẹ́ràn ọkọ̀ náà débi pé àwọn ọmọ wọn a máa fi ṣe àwàdà nígbà tí Bàbá kò bá sí nítòsí. Ní ìdájí, awakọ̀ wọn á ti mú àkísà gbígbẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọkọ̀ náà fìàfìà láti orí dé ìdí, Bàbá á sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú orín ìfọyín lẹ́nu, wọn á máa kì í: “Adúmáadán! Arẹwà tí ń kọ mànà lójú títì Bódìjà! Ọmọ irin tí Ògún kò bínú sí! Awakọ̀, má gbàgbé abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn o.” Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ kan náà tí a fi ń ṣe adúmáadán lóge ni a fi ń bù ú lábàjà, nítorí pé inú eruku ọyẹ́ ni iyanrìn kúọ́ọ̀tsì wà, èyí tí ó le tó láti ha dígí, áḿbọ̀sìbọ́sí ọ̀dà.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ra ìgò kan, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ọkọ̀ wọ̀ sọ́rùn. Lórí irin ni ọ̀dà àkọ́kùn wà, lórí ìyẹn ni ọ̀dà aláwọ̀, lórí èyí ni ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ rárá, tí ó mọ́ gaara, tí àwọn tí ń fọ́n ọ̀dà sí ọkọ̀ ń pè ní kílíà. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò ju nǹkan bí 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù lọ, 1,000 máíkírọ́ọ̀nù ni ó sì ń jẹ́ mìlímítà kan ṣoṣo. Kílíà nìkan jẹ́ bíi 40 sí 50 nínú rẹ̀. Irun orí ènìyàn kan, tí ó tó bíi 70, nípọn jù ú lọ. Lórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yìí ni gbogbo làálàá àwọn aládùúgbò mi dá lé, ibẹ̀ náà sì ni ìlà wẹ́wẹ́ wà. Ní ayé àtijọ́ kò sí kílíà. Ọ̀dà aláwọ̀ ni òkè, òun ni ìdí tí àkísà awakọ̀ fi ń pọ́n bí ó bá ń pa ọkọ̀ pupa ní pólíìṣì. Àwọn tí ó bá rántí ìgbà tí Peugeot 504 bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Kàdúná ní 1975, tí kò sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tàbí dókítà tí kò fẹ́ ní ọ̀kan, yóò rántí àkísà aláwọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni àgbà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi níbí sì wà láti ayé yẹn: agolo pólíìṣì T-Cut rẹ̀ kì í jìnnà sí i, òórùn rẹ̀ a máa ta ni nímú láti òdìkejì òpópónà.

Ọ̀nà méjì péré ni a lè gbà bá ìlà náà wí. Èkíní ni kí a ha kílíà tí ó yí i ká lọ títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tẹ́jú dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ìlà. Èkejì ni kí a fi ohun ọlọ́ràá dí i, kí ojú má baà rí i. Gbogbo ìgò tí ń bẹ ní ọjà, bí ó ti wù kí orúkọ wọn gùn tó, bí ó ti wù kí àwòrán kìnnìún àti ìràwọ̀ pọ̀ lára wọn tó, nínú kí wọ́n ha, kí wọ́n dí, tàbí kí wọ́n kàn bo ọ̀dà fún ààbò, kò sí ìkẹrin. Kọ́ḿpáàǹdì ni ó ń ha jù, pólíìṣì ń ha díẹ̀, ìda àti síláǹtì àti séráámíìkì kì í ha nǹkan kan, ààbò ni wọ́n ń ṣe. Ìdààmú oníbàárà ni àwọn tí ń dí, nítorí orúkọ ìwòsàn ni wọ́n ń jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èyí tí ẹ rà, ẹ fi ọtí tí kì í ṣe èyí tí à ń mu, ọtí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu awọ ara kí wọ́n tó gún ni lábẹ́rẹ́, nu ibi tí ó ti dán náà. Bí ìlà bá padà, ẹ ti mọ̀ pé àtíkè ni wọ́n tà fún yín.

Nígbà tí mo mọ èyí ni mo tó yé fi àwọn ọmọ ilé ìfọkọ̀ Ìbàdàn ṣe ẹlẹ́yà. Ọjọ́ Sátidé ni Camry Bàbá máa ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Wọn á fi ọṣẹ Omo hó o lára, ọṣẹ tí ń bó ìda tí ó bá wà lára ọ̀dà lọ. Bí wọ́n bá sì fọ̀ ọ́ tán, ẹni tí ojú rẹ̀ là jù nínú wọn á ta kẹrosíìnì sí aṣọ, á fi pa á yíká. “Bàbá, ẹ wò ó, ó ti di tuntun!” Òótọ́ ni ó sọ, tuntun ni, títí di ìgbà tí òjò bá kọ́kọ́ dé. Òróró kẹrosíìnì ti wọ inú ìlà, ojú kò rí i mọ́. Ẹ wá sọ fún mi ohun tí ó fi yàtọ̀ sí ìgò olóòórùn dídùn tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù rà ní ogún pọ́n-ùn, àfi pé ti Ìbàdàn kò pa irọ́ fún ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ kò sì ju ti àkàrà lọ.

Àwọn tí ń fọ́n ọ̀dà ní ilé kò fara mọ́ dídí. Híha ni tiwọn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ha. Rọ́bìn kọ́ḿpáàǹdì inú agolo ni oògùn wọn, ẹ̀rọ tí ń yí kíákíá sójú kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ooru bá sì ti mú kílíà tán ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ó ti fẹ́lẹ́ jù, wọn á ní kí a fọkàn balẹ̀, àwọn yóò kúkú fọ́n gbogbo rẹ̀ tuntun. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kílíà kì í hù padà; gbogbo dídán tí a bá fi kọ́ḿpáàǹdì rà, ara rẹ̀ ni a ti yọ owó náà.

Ìdájọ́ tèmi, bí ẹ bá béèrè, ni pé kí a mú èyí tí ó rọ̀ jù ṣáájú. Kí a fọ ọkọ̀ ná, garawa ọṣẹ lọ́tọ̀, garawa omi tí a fi ń ṣan aṣọ lọ́tọ̀; kí a fi amọ̀ àtọwọ́dá, tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ ṣe, yí i lára kí ó lè hú eruku irin bíréèkì tí ó ti gún wọlé; lẹ́yìn náà ni kí a dán pólíìṣì tí kò le wò ní ojú ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, pẹ̀lú fóòmù rírọ̀, lórí ẹ̀rọ tí ń yí tí ó sì tún ń mì, nítorí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í tètè jó ọ̀dà. Bí ìlà bá lọ, kí a má ṣe ra kọ́ḿpáàǹdì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ní ti orúkọ, ẹ kò ní ṣìnà púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tí ó ti pẹ́: Meguiar's ti Amẹ́ríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1901 pẹ̀lú pólíìṣì àga àti tábìlì, Turtle Wax tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1941, Autoglym ti Letchworth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, láti 1965. Ẹ sáà ka ẹ̀yìn ìgò kí ẹ tó ka iwájú rẹ̀.

Ìda ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, ìfẹ́ náà sì ní ọwọ́ ìran nínú. Èyí tí wọ́n ń pè ní kànáúbà, láti ara ọ̀pẹ kan ni ó ti ń wá, tí ń hù ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì, ní Seará àti ní Piauí, èyí tí ó bá Bàhíà pààlà, Bàhíà níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú ti fi òrìṣà wọn lélẹ̀ fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ọ̀pẹ náà fi ìda bo ewé rẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ. Ènìyàn á gé ewé náà, á sá a sí oòrùn, á lù ú, ìda á gbọ̀n dànù bí ìyẹ̀fun, kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 82 sí 86 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Òun náà ni wọ́n fi ń pa súìtì ọmọdé lára. Àwa tí a ti fi ọ̀pẹ ṣe epo, tí a fi ṣe ẹmu, tí a fi ṣe ìgbálẹ̀, tí a fi ikin rẹ̀ bá Ọ̀rúnmìlà sọ̀rọ̀, kí ni ìbá tún kù tí ọ̀pẹ lè ṣe fún wa bí kò ṣe kí ó pa ọkọ̀ wa ní òróró?

Ọ̀ràn omi ni ó kù, n kò sì ní pẹ́ níbẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2022, ilé iṣẹ́ omi fi òfin de rọ́bà omi ní apá ibi púpọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá fi rọ́bà fọ ọkọ̀ nígbà náà lè san owó ìtanràn tí ó tó £1,000. Àwọn aládùúgbò mi sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá. Mo bá wọn kẹ́dùn, èmi tí mo dàgbà sí ilé tí a ti ń fa omi kànga kí a tó bọ́jú.

Nígbà tí mo lọ sílé, mo kó àpótí kan lọ fún Bàbá: amọ̀, pólíìṣì, ìda ọ̀pẹ, àti àwọn aṣọ máíkírófáíbà tí ìyàwó Bàbá sọ pé ó dára jù fún ọkọ̀, tí wọ́n sì mú méjì lọ sí ilé ìdáná. Èmi àti awakọ̀ bá Camry náà jìjàkadì lábẹ́ ibòji láti àárọ̀ títí oòrùn fi yí. Bàbá jáde, wọ́n wò ó, wọ́n rí fìlà ara wọn lára ilẹ̀kùn, wọ́n ṣe é dáadáa, wọ́n tún un dé. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Ọmọ mi, o ṣeun, o kú iṣẹ́. Mú kọ́kọ́rọ́ yẹn wá.”

Láti ọjọ́ náà, inú gáréèjì ni Camry wà, aṣọ òkè ìgbéyàwó àtijọ́ kan lórí rẹ̀ nítorí eruku. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni Bàbá ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Awakọ̀ pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó kí mi tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó kí aya, ó kí ọmọ, kí ó tó béèrè pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́ bóyá èmi yóò lè bá òun bẹ Bàbá, kí wọ́n jẹ́ kí òun wa ọkọ̀ náà dé ẹnu géètì, kí wọ́n má baà dá òun dúró.