Ìyàwó Wa Onínéèlì, Ta Lo Tan Iná Yẹn Fún?

Ìyàwó wa ọ̀wọ́n,

Àwa ará ilé ọkọ rẹ kì í fẹ́ rojọ́ rẹ níta, ṣùgbọ́n láti títì ni gbogbo Òkè-Onígbìn ti ń wo ṣọ́ọ̀bù rẹ, nítorí náà gbangba náà la ó ti sọ ọ́. Iná pọ́pù, iná búlúù, iná tó ń ṣẹ́jú sí ọkọ ọlọ́kọ! Ẹni tó bá ti Òmù-Àrán bọ̀ lálẹ́ á rò pé a ti ṣí ilé ijó. Orí tébù tí iṣẹ́ wà gan-an ló wá ṣókùnkùn.

Ọmọbìnrin tó ń lọ ìgbéyàwó ní Èsìẹ́ ní kí o kun èékánná òun ní àwọ̀ wáìnì tó bá aṣọ ẹbí òun mu. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ó bá a mu. Ó dé ìta, aṣọ gba ọ̀tún, èékánná gba òsì. Ẹ̀bi iná búlúù ni: pupa kì í hàn lábẹ́ rẹ̀, ṣe ló ń dúdú.

Bó o bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta gílóòbù, má wo wáàtì nìkan. Wo CRI lára páálí. Òun ló ń sọ bí iná ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí lójú ọ̀sán. 100 ni òpin rẹ̀, 90 sókè ni kó o mú. Wo Kelvin náà: 2700 á sọ pólíìṣì funfun di yẹ́lò, 6500 á ta búlúù sí i. Ohun tó bá wà láàárín 4000 sí 5000 ni tìrẹ.

Gílóòbù kan ṣoṣo yẹn ńkọ́, tó wà lẹ́yìn rẹ lókè? Kí búrọ́ọ̀ṣì tó dé orí èékánná, òjìji orí rẹ ti débẹ̀. O wá ń tẹ̀ríba títí imú rẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọwọ́ èèyàn; a kọ́kọ́ rò pé o ń kí oníbàárà ni. Ra iná orí tébù ọlọ́rùn gígùn tó ṣeé tẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún lo fi ń kun nǹkan, apá òsì ni kó o gbé e sí, kó má ṣe kọjú sí ẹnikẹ́ni. Ring light, ti fídíò nìyẹn. Dídán rẹ̀ lórí pólíìṣì gel kì í jẹ́ kí o rí ibi tó wú.

Bí NEPA bá sì mú iná lọ, o ń gbé tébù sẹ́nu ọ̀nà. Fún pólíìṣì lásán, ó dáa. Ṣùgbọ́n UV tí lámpù rẹ fi ń mú gel le wà nínú oòrùn náà. Bí ìgò bá wà ní ṣíṣí níbẹ̀, gel á ki, búrọ́ọ̀ṣì á gan. Jọ̀ọ́, oòrùn ló ń bà á jẹ́, yé fura sí ìyá elépo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ. Inú ilé ni kó o dúró: iná LED wáàtì 10 tó fún tébù, sólà kékeré sì lè gbé e.

Tètè rà á kí Iléyá tó dé. Èmi ni màá kọ́kọ́ nawọ́, mi ò sì ní san kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ