Orí Tí Mo Lọ Kí Ní Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá Ṣadé, ẹ fa àpótí yín súnmọ́ mi. Bí mo bá pariwo ọ̀rọ̀ yìí, Ìyá Alákàrà á gbọ́, bí ìyẹn bá sì ti gbọ́, àdúgbò gbọ́ nìyẹn.

Ṣé ẹ rántí ọdún 2010 tí mo lọ wẹ ọmọ fún Bọ́lá ní Lọ́ńdọ̀nù? Ọmọ náà rẹwà o, àmọ́ orí rẹ̀ rí ṣóńṣó bíi ti bàbá rẹ̀. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ ẹ́ títí, àna wa kàn ń wò mí ni, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ má jẹ́ n bá orí yẹn lọ, orí mìíràn ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, Bọ́lá ní ká lọ sí British Museum. Mo ní, "Kí la fẹ́ ṣe láàárín òkú lálẹ́?" Ó ní wọ́n kó iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ tó lé ní 100 wá láti Nàìjíríà, àwọn kan sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa wọn. Mo bá wọ léèsì mi, èyí tí ẹ ò tíì san owó tiyín tán, mi ò bínú. La bá lọ.

Hàá! Orí idẹ tí mo rí, ètè rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí mi! Òyìnbó obìnrin kan ń ṣàlàyé pé lọ́dún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀, ni ọkọ́ bá kan àwọn orí idẹ. Agboolé o, bíi tiwa yìí! Òyìnbó tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times ní Èkó ra ọ̀kan, nígbà tó fi di 1939, orí náà ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó yẹ kó máa ròyìn ọjà, òun ló ń rajà.

Obìnrin náà tún ní Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀, ó ní ti àwọn ará Atlantis tó rì sínú òkun ni. Mo pòṣé. Ẹ jẹ ọbẹ̀ nílé opó tán, ẹ ní aládùúgbò ló sè é!

Ọ̀rọ̀ wá kan àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létí irun àti ní àyíká ẹnu àwọn kan nínú àwọn orí náà. Ọ̀kan ní adé ni wọ́n fi ń so mọ́ wọn, èkejì ní irùngbọ̀n, ẹ̀kẹta ní ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n jà á lọ, wọ́n jà á bọ̀. Ni mo bá bú sẹ́rìn-ín, Bọ́lá fi ìgbúnwọ́ gún mi. Kí ló dé tí mi ò ní rẹ́rìn-ín? Ohun tí à ń ṣe nídìí kànga níbí náà ni! Tiwọn ló ń jẹ́ ìmọ̀, tiwa ló ń jẹ́ òfófó.

Mo nawọ́. Mo ní ojú ọba kì í ṣe ohun à ń wò lásán, ìlẹ̀kẹ̀ adé ní í bò ó. Bí ẹ kò bá gbà, ẹ lọ bi àwọn tó ni agboolé. Bọ́lá túmọ̀ rẹ̀, bàbá kan kọ ọ́ sínú ìwé. Àb' ẹ ò rí nǹkan?

Ó dáa, Ìyá Ṣadé, ṣé lọ́la ni wọ́n ń gbẹ́ ṣálángá lẹ́yìnkùlé? Ẹ sọ fún wọn, bí ọkọ́ bá kan ohun líle, kí wọ́n ké sí mi kí oníwèé ìròyìn tó gbọ́. Bí ẹ bá sì ń bọ̀, ẹ mú owó léèsì dání.