Àkìtàn Tó Mọ Ohun Tó Ń Gbà

Ilẹ̀kílẹ̀ ni àkìtàn ń gbà. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, wọn ò sì tíì dé ọjà ẹ̀rọ Alábà ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó nígbà tí wọ́n wí i.

Àkìtàn kan wà tí kò gba ilẹ̀kílẹ̀ ṣá. Ní ẹnu odò Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìkarawun ọ́ísítà àti ẹbí rẹ̀ ni wọ́n ń dà jọ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Òkìtì 218 ló dà, àwọn mìíràn gùn tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, igi oṣè hù lé wọn lórí, ibojì sì wà lórí 28 nínú wọn. Lọ́dún 2011, UNESCO kọ ibẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé. Ilẹ̀ tí wọ́n gbá dànù ni o!

Awalẹ̀pìtàn a máa wọn irú ìkarawun bẹ́ẹ̀ ní ìpele-ìpele. Bí tìsàlẹ̀ bá tóbi tí tòkè wá kéré, àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti kó ọmọ mọ́ ìyá. Bó bá tóbi bákan náà délẹ̀, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń ṣẹ́kù. Òṣùwọ̀n tí alábòójútó odò ń wá gan-an nìyẹn. Àwọn kan ti ń ṣe irú àbójútó bẹ́ẹ̀: ní Gáńbíà, àwọn ìyá tó ń gé ọ́ísítà lára gbòǹgbò igi ẹ̀gbà dá ẹgbẹ́ TRY sílẹ̀ lọ́dún 2007. Wọ́n fòfin de ara wọn: oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi ń kó o lọ́dún, kí ọmọ rẹ̀ lè dàgbà. Lọ́dún 2012, ìjọba fa ọ́ísítà irà Tanbi lé wọn lọ́wọ́.

Àwa ńkọ́? Ní Ọ̀jọ́, a fa iyanrìn nísàlẹ̀ odò, a dà á sórí irà, a pè é ní ẹ́sítéètì. Ní Ìbá àti Òkókómàíkò, ẹni tí kò fẹ́ san owó àwọn akódọ̀tí PSP á jókòó ti àpò ìdọ̀tí rẹ̀ títí òjò á fi ṣú. Bó bá ti ń rọ̀, á yí ṣòkòtò sókè, á jù ú sí gọ́tà, á ní, “Olúwa, bá wa gbé e lọ.” Àdúrà náà sì ń gbà: gọ́tà gbé e fún odò.

Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún ọdún, awalẹ̀pìtàn á wa ilẹ̀ létí odò wa. Á bá náílọ̀nù píọ̀-wọ́tà, pámpásì, àti egungun tẹlifíṣọ̀n. Bí kò bá ti rí ìkarawun kankan, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ará Ọ̀jọ́ ń jẹ, àti pé eyín wọn le púpọ̀.