Akẹtẹ̀ Aṣojú Soyo
Ní nǹkan bí ọdún 1643, ayàwòrán kan ní Nẹ́dálándì, tí wọ́n gbà pé Jaspar Beckx ni, fi ọ̀dà olóróró, ìyẹn àwọ̀ lílọ̀ tí a fi òróró pò, ya Miguel de Castro, aṣojú tí olórí Soyo ní ilẹ̀ Kóńgò rán lọ sọ́hùn-ún, pẹ̀lú akẹtẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ pupa lórí. Wọ́n ya Pedro Sunda, ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀, lọ́tọ̀; eyín erin ni ó gbé dání, nítorí ẹnìkan ṣáà gbọ́dọ̀ ru ẹrù. Ká ní Ìsẹ́yìn ni aṣojú yìí ti gbéra, agbádá sányán, ìyẹn aṣọ òfì tí a fi òwú ara kòkòrò hun, ni ì bá wọ̀, tí yóò máa ká apá rẹ̀ sí èjìká léraléra, tí Beckx yóò sì máa wá férémù tó fẹ̀ kiri ìlú.