Ìgbòkun Hayling, Ọkọ̀ Tó Takú ní Ṣágámù

Àwa ọmọ Rẹ́mọ kì í bá omi ṣeré. Odò Uren tó wà ní Ìkẹ́nnẹ́, bíbọ là ń bọ ọ́. Ta ló jẹ́ gùn ún kiri? Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí nígbà tí mo dé gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo rí bàbá ọlọ́mọ, ẹni tó jẹ gbèsè ilé tí kò tíì san tán, tó dúró lórí pátákó lójú òkun nínú òtútù oṣù kọkànlá, tó rọ̀ mọ́ aṣọ ìgbòkun, tí afẹ́fẹ́ ń gbá a lọ. Kò sí ẹni tó lé e débẹ̀. Windsurfing ni wọ́n ń pe eré yìí. Erékùṣù Hayling, nítòsí Portsmouth, ni Peter Chilvers ti kan pátákó onígbòkun tirẹ̀ lọ́dún 1958, ọmọ ọdún 12 sì ni nígbà náà. Lọ́jọ́ orí yẹn, ìyá mi ò tíì gbà kí n dá sọdá títì lọ sí Sábó ní Ṣágámù.

Ìwà wọn lórí omi ló wù mí. Bí ọ̀kan bá ṣubú, tí ìgbòkun rẹ̀ pẹ́ nínú omi ju bó ṣe yẹ, ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù yóò ṣẹ́rí padà, yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, yóò bi í bóyá kò sí nǹkan. Tí onítọ̀hún bá na àtàǹpàkò sókè, ó parí. Tí òpó ìgbòkun bá kán, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá kú, ẹni tó wà nínú wàhálà yóò na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, yóò máa gbé wọn sókè sódò díẹ̀díẹ̀. Àmì "ẹ gbà mí" nìyẹn lórí omi gbogbo ayé. Òfin tó ga jù ni pé kò gbọ́dọ̀ fi pátákó sílẹ̀ kó ní òun fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté: pátákó kì í rì, wọ́n sì máa ń tètè rí i lókèèrè ju orí ènìyàn lọ. Ẹlòmíràn a so okùn mọ́ ọn, a wọ́ ọ dé etíkun. Wọn ò ní sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá síra wọn. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, "o ṣeun" kan ṣoṣo, kálukú á gbé ẹrù rẹ̀ sórí mọ́tò, ó di ilé. Èyí dùn mí o. Ẹni tó fà ọ́ yọ lẹ́nu ikú, o ò mọ orúkọ bàbá rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ takú ní Interchange Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, ti pàdé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Benin. Kí dẹ́rẹ́bà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdajì èrò inú ọkọ̀ ti di mẹkáníìkì. Ọ̀kan ní bátìrì ni, èkejì ní ayé ni. Ẹnì kan á já ewé tútù, á tò ó sẹ́yìn ọkọ̀ kí tírélà tó ń bọ̀ lè mọ̀. Àwọn géńdé á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á máa tì í. Tó bá jẹ́ táyà ló bẹ́, dẹ́rẹ́bà mìíràn, tó ti ń ṣépè fún tiwa láti Ògèrè, á páàkì, á gbé jáàkì wá, á sì máa bá èébú lọ níbi tó bá a dé: "Olórí kunkun! Ṣebí mo nawọ́ sí táyà yẹn fún ẹ? Gba jáàkì."

Ìwádìí ló kàn. "Ọmọ ibo ni yín, ẹ̀gbọ́n?" "Ìpẹru." "Ìpẹru! Agboolé wo?" Kí wọ́n tó de nọ́ọ̀tì táyà tán, wọ́n ti rí i pé ìyá ìyá yín àti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jọ ta obì ní Ṣágámù rí. Ẹ ti bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Òyìnbó tó wọ́ yín jáde nínú òkun kò ní gba kọ́bọ̀. Ará Ìpẹru tó gbé jáàkì wá náà kò ní gba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ ó ra aṣọ ẹbí.

Kì í ṣe òní ni àwọn ará ojú ọ̀nà wa ti ń so ara wọn pọ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù kó tó di lọ́yà, ó sì ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Ṣùgbọ́n lóru, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ̀rù olè àti ajínigbé kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró fún ẹnikẹ́ni mọ́, n kò sì bá wọn wí. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan díbọ́n ní Hayling pé òun ń rì kó lè jí pátákó gbé.

Àwa ará òkèèrè a máa fọ́nnu tí a bá délé: "Lọ́hùn-ún, ìjọba ń ṣiṣẹ́!" Òótọ́ ni pé tí ẹ bá pe 999, àwọn Coastguard tó máa dá yín lóhùn jẹ́ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìgbàlà tí wọ́n sábà máa ń ní kó jáde, ẹgbẹ́ aláàánú RNLI ló ni ín, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1824. Owó ìtọrẹ ló ń gbé e ró, títí kan ohun tí àwọn arúgbó fi sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn atukọ̀ náà kì í gbowó oṣù níbẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́, tíṣà àti òǹtajà ni wọ́n, tí wọ́n á ju iṣẹ́ sílẹ̀ tí ìpè bá dún. Ẹ̀mí tó lé ní 140,000 ni wọ́n ti gbà là.

Ohun tí à ń fi yangàn lórúkọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ará àdúgbò ló ń ṣe é, irú ẹni kan náà tó gbé jáàkì wá láàárín èébú. Ohun tí wọ́n fi jù wá lọ ni pé wọ́n kówó jọ, wọ́n ra ọkọ̀, wọ́n kọ́ṣẹ́, gbogbo wọn sì mọ àmì kan náà. Ní Ṣágámù, àánú pọ̀, ìmọ̀ràn pọ̀; okùn ni kò sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù Kérésì sínú dírọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sílé, ẹ yọ bàtà kan kúrò, ẹ fi okùn tí wọ́n fi ń wọ́ ọkọ̀, tọ́ọ̀ṣì àti C-caution rọ́pò rẹ̀. Ewé tútù kì í tàn lóru. Nọ́ńbà àwọn Road Safety, tí wọ́n ti wà láti ọdún 1988, ni 122, ọ̀fẹ́ ni.