Obìnrin Abẹ́ Ìbòjú

Bí o bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, pẹ̀lú ọmú ńlá, ìdí rọ̀bọ̀tọ̀ àti gèlè, má tíì máa kí i ní “Màámi” o: ọkùnrin ló wà lábẹ́ aṣọ. Àwọn ìyá wa ló ń fi ijó yẹ́ sí.

Ojú obìnrin bákan náà ni àmì àjọ̀dún àṣà FESTAC '77: ìbòjú Idia, ìyá Ọba Esigie ti Bìní. British Museum kọ̀ láti yá wa ní ìbòjú náà.

Ní Festac Town ní Èkó lónìí, a kì í yá ìbòjú mọ́. A ń kùn ún ni. Bí oníméékọ́ọ̀bù bá parí iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé, ọkọ á rọra bi aya rẹ̀ pé: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé ẹ bá mi rí Ìyá Ṣadé?”